Ajá Tí Kò Mọ Olówó Rẹ̀ Mọ́

 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí apá kejì ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìta-Ògbólú níbí tó jẹ́ pé bí mo bá gbé e pamọ́, ó lè pẹ́ jù fún ẹlòmíràn tó ń ka ojú ewé yìí lọ́wọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí màmá kan tó ń ta gààrí lọ́jà wa fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Ọmọ náà kò ju ọdún 7 lọ. Wọ́n ti fi àkísà di apá rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Ajá ló bù ú jẹ."

"Ajá ta ni, Màmá?"

"Ajá tiwa ni. Ajá tó jẹ́ pé ìdí ẹsẹ̀ ọmọ yìí ló máa ń sùn sí lálaalẹ́."

Mo tú àkísà náà. Ojú eyín mẹ́rin ni mo rí, kò jìn púpọ̀. Nǹkan dúdú kan tó ń dán ni wọ́n fi kùn ún. Màmá ní irun ajá náà ni àwọn ṣà lórí ẹní rẹ̀, àwọn jó o, àwọn fi epo pupa pò ó. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo bi wọ́n pé ajá náà ńkọ́? Wọ́n ní ó ti wọ igbó lọ. Wọ́n ní ó tó bí ọjọ́ méjì kó tó bu ọmọ jẹ tí kò ti jẹun mọ́, ohùn rẹ̀ há, ó ń sá sábẹ́ tábìlì bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, bẹ́ẹ̀ ló tún ń dìde lójijì láti bu igi jẹ, láti bu òkúta jẹ. Màmá wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn aládùúgbò sọ pé ẹnìkan ló rán ajá náà sí àwọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí, wọ́n sì fún un lórúkọ: dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n Màmá bi mí ní ìbéèrè kan bí a ṣe ń fọ ọgbẹ́ náà, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní: "Nọ́ọ̀sì, ajá tó mọ̀ wá, tá a fi ọwọ́ ara wa bọ́, báwo ló ṣe dẹni tí kò mọ̀ wá mọ́?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, torí ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn fi àkókò ṣòfò.

Bí mo bá pe purotéènì lójú ewé yìí, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà ló máa ń wá sí yín lọ́kàn, torí bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ purotéènì kò mọ sí inú abọ́. Bí a bá ti jẹ ẹ́ tán, ara á tú u palẹ̀, á sì fi kọ́ tirẹ̀. Nínú èyí tí ara ń kọ́, àwọn kan wà tó jẹ́ ilẹ̀kùn àti ihò kọ́kọ́rọ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára. Iṣan ìmọ̀lára ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara, tí wọ́n sì ń gbé èsì padà. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í fọwọ́ kan èkejì. Àlàfo kékeré ló wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, á tú èròjà kan sínú àlàfo náà bí ońṣẹ́. Acetylcholine ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ wọ̀nyí. Ońṣẹ́ yìí á lọ bá purotéènì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì kejì, á wọ inú rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo, ilẹ̀kùn á ṣí, ọ̀rọ̀ á sì kọjá.

Ajá tó rí yín lẹ́nu géètì tó ń ju ìrù, ewúrẹ́ tó rí pàṣán tó sá, àgbébọ̀ adìẹ tó ń pe ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ nígbà tí àwòdì ń rábàbà, kò sí ọ̀kan nínú ìwà wọ̀nyí tí kò gba ojú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kọjá. Bí ohun kan bá jókòó lójú ihò kọ́kọ́rọ́, ìwà ẹranko náà á yí padà. Kì í ṣe pé ó di ìkà.

Ẹ wo ṣèbé. Ẹni tí ejò yìí bá bù jẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè máa wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, bí wọn kò bá tètè gbé e débi ìtọ́jú, àyà rẹ̀ lè dákẹ́ èémí. Ohun tó fà á ni pé oró rẹ̀ lọ ń jókòó sójú ihò kọ́kọ́rọ́ tó wà níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti pàdé ẹran ara. Ọpọlọ ń ké pe àyà pé kó mí, àyà kò gbọ́.

Kí ló wá kan ejò nínú ọ̀rọ̀ ajá? Ó kàn án gan-an ni. Lọ́dún 1982, Thomas Lentz àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ihò kọ́kọ́rọ́ kan náà tí oró ejò ń jókòó sí ni kòkòrò àìfojúrí dìgbòlugi ń dì mọ́ láti wọ ara. Nígbà tó di 1984, wọ́n tún rí i pé purotéènì tó wà ní ara ẹ̀wù kòkòrò náà ní ibì kan tó jọ oró ejò bí ẹní jọ ara. Èmi tí mo kà á, orí mi wú. Kòkòrò tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ó mú ìrísí oró ejò dání.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò mọ̀ bóyá nǹkan yìí ló ń ṣe orí ajá náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Alaska, lápá àríwá Amẹ́ríkà níbi tí yìnyín pọ̀ sí, mú kìkì ibi tó jọ oró ejò yẹn lára purotéènì kòkòrò náà. Wọn kò fi odidi kòkòrò sí i rárá. Wọ́n fi sínú ọpọlọ eku. Àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri ju bó ṣe yẹ lọ. Àbùkù purotéènì kan ṣoṣo, ìwà ti yí. Ohun tó tún jẹ́ ìyàlẹ́nu ni pé bí àwọn dókítà bá la ọpọlọ ẹni tí dìgbòlugi pa, wọn kì í sábà rí ìbàjẹ́ tó pọ̀ tó bí àìsàn náà ṣe le tó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ ló dàrú.

Bẹ́ẹ̀ ni ajá Màmá ṣe dẹni tí kò mọ olówó rẹ̀ mọ́. Kòkòrò náà sì mọ ohun tó ń ṣe, bí mo bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àkókò tó ń yí ìwà ajá padà náà ló ń pọ̀ sí i nínú itọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ajá kò jẹ́ kó gbé itọ́ náà mì mọ́, ló fi ń hó lẹ́nu. Ajá tó ń bínú, tí itọ́ sì kún ẹnu rẹ̀, kí ni kòkòrò tó fẹ́ dé ara ẹlòmíràn tún ń wá?

Àmọ́ o, ẹ má rò pé gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sá kiri tó ń gbó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á kàn dákẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa wọ́lẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á já wálẹ̀, itọ́ á máa ṣe ṣòròṣòrò. Olówó ajá á ní eegun ló há a lọ́fun, á ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti yọ ọ́. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ fẹ́ràn ajá, ẹ gbọ́ mi: bí ajá bá ya ẹnu sílẹ̀ tí kò lè pa á dé, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ Màmá rèé. Bí eyín ajá bá wọ ara, kòkòrò náà kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Inú ẹran ara ibẹ̀ ló máa ń wà fún ìgbà díẹ̀, kó tó rí ẹnu iṣan ìmọ̀lára wọ̀. Bó bá ti wọlé, àwọn purotéènì mìíràn tó jẹ́ alábàárù inú iṣan, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ru ẹrù láti òpin iṣan padà sí ìdí rẹ̀, ni yóò rù ú. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀tá ni àwọn gbé lérí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á rù ú dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ibẹ̀ dé ọpọlọ. Ìrìn àjò yìí máa ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan. Ẹsẹ̀ jìnnà sí orí. Ojú àti ọrùn kò jìnnà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé ni ajá sábà ń bù jẹ lójú, torí gíga wọn kò ju ẹnu ajá lọ. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú èèyàn 10 tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ, 4 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àpapọ̀ àwọn tó ń kú lọ́dọọdún lágbàáyé, àjọ náà fojú bù ú sí 59,000, ajá ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Gbogbo àkókò ìrìn àjò yẹn, ara ọmọ á dá ṣáṣá. Á jẹun, á lọ síléèwé, ọgbẹ́ á jinná. Àwọn òbí á ní epo pupa àti irun ajá ti ṣiṣẹ́. Ìgbà tí kòkòrò bá wá dé ọpọlọ ni ibà, ẹ̀fọ́rí, ojú ọgbẹ́ tó ti jinná tó tún ń yún tàbí tó ń ta, ìbẹ̀rù omi, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ife omi síwájú ẹni náà, ọ̀fun rẹ̀ á há. Bó bá ti di bẹ́ẹ̀, kò sí oògùn. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n irọ́ ni n óò pa bí mo bá sọ nǹkan mìíràn. Lọ́dún 2004, ọmọbìnrin ọdún 15 kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà tí àdán bù jẹ là á já láìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ti gbìyànjú ìtọ́jú kan náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkòrò ṣì wà lójú ọ̀nà, èèyàn lè ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ohun tí Louis Pasteur ṣe nìyẹn ní ilẹ̀ Faransé lóṣù Keje ọdún 1885, nígbà tó fún ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, lábẹ́rẹ́ ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ. Ọmọ náà yè, ó sì dàgbà.

Nítorí náà, bí ajá, ológbò tàbí ẹranko mìíràn bá bu èèyàn jẹ, tàbí tó ha á léèékánná, tàbí tó lá a níbi tó ti ní egbò, omi àti ọṣẹ ló kọ́kọ́ kàn. Omi tó ń ṣàn ni o, láti inú kẹ́tùrù tàbí ẹ̀rọ, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago. Ẹ̀wù ọ̀rá ni kòkòrò yìí wọ̀, ọṣẹ a sì máa ba ọ̀rá jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bọ́ ọ̀rá lára ìkòkò ọbẹ̀. Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tó bá wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Epo pupa, irun ajá, ata, ẹ̀tù ìbọn, kẹrosíìnì, omi bátìrì, mo ti rí gbogbo wọn lójú ọgbẹ́. Kò sí ọ̀kan tó lè dé ibi tí kòkòrò náà wà, wọ́n kàn ń gba àkókò lọ́wọ́ yín ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré rán ọgbẹ́ ajá.

Lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn kan náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọn yóò fún un: ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ débẹ̀, ọjọ́ kẹta sí i, ọjọ́ keje, àti èyí tó gbẹ̀yìn láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Bí ọgbẹ́ bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí kò gba àjẹsára náà rí gbọ́dọ̀ gba òmíràn tí wọ́n ń gún yí ojú ọgbẹ́ ká, tó máa ń bá kòkòrò náà jà lójú ẹsẹ̀ kí ara tó múra tirẹ̀. Aláboyún lè gbà á, ọmọ ọwọ́ lè gbà á. Bó bá ti pẹ́, bó tilẹ̀ ti pé oṣù kan, ẹ ṣì lọ, níwọ̀n ìgbà tí àmì kò tíì yọ.

Ẹ̀yin àgbà, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ń gún un sí ikùn, abẹ́rẹ́ 14, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan ní Ìjù sọ fún mi pé ajá bu òun jẹ rí, òun fara pa mọ́ nítorí abẹ́rẹ́ yẹn. Orí ló bá a ṣe é. Ìyẹn ti kọjá lọ. Apá ni wọ́n ń gún un sí báyìí, itan ni ti ọmọ kékeré, kò sì dunni ju abẹ́rẹ́ ibà lọ.

Bí ẹ bá lè rí ajá náà dè tàbí tì mọ́ ilé láìfara pa, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bó bá ṣì yè, tó ń jẹ, tó ń mu, dókítà lè ní kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kú, ẹ má fọ́ ọ lórí, ẹ pe dókítà ẹran, torí inú ọpọlọ ni wọ́n ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹran ajá náà. Àwa tá a wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé àwọn kan ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi bọ Ògún. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ tàbí ohun tó ń sìn. Ewu tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìkòkò tó ti hó, ọwọ́ ẹni tó ń pa á, tó ń là á lórí, tí ọ̀bẹ sì ti gé níka tẹ́lẹ̀, ni ewu wà. Àwọn dókítà ẹran ti yẹ ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ wò ní àwọn ibì kan ní Nàìjíríà, wọ́n sì bá kòkòrò náà nínú àwọn kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ lè gba àjẹsára kí ajá tó bù yín jẹ rárá. Àwọn ọdẹ wa náà ńkọ́, tí ajá wọn ń bá ẹran ìgbẹ́ wọ̀jà?

Kí ẹ má sì rò pé ti ajá nìkan ni. Lọ́dún 1956, wọ́n rí ìbátan kòkòrò yìí lára àdán ní Èkó. Lọ́dún 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín ní àdúgbò Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, orúkọ àdúgbò náà ni gbogbo ayé sì fi ń pè é títí dòní. Ọ̀dọ̀ wa níbí gan-an, ní Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti ń mú àdán nínú ihò àpáta lásìkò ọdún, àwọn olùwádìí lọ ṣèwádìí lọ́dún 2010 àti 2013. Ó lé ní ìdajì àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò tí àmì wà lára wọn pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti bá wọn jà rí. Èèyàn 52 ni wọ́n sọ pé àdán ti bu jẹ rí. Wọn kò rí àmì náà lára èèyàn kankan o, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán mú àdán.

Ajá tiyín, láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Wọ́n ń ṣe àjẹsára ajá yìí nílẹ̀ wa níbí, ní ilé ìwádìí àìsàn ẹran ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó abẹ́rẹ́ èèyàn. Gbogbo ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ayàjọ́ àìsàn yìí, láwọn ibì kan wọ́n sì máa ń gún un fún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ẹ óò fẹ́ gbọ́ ti ọmọ Màmá. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ kò ní abẹ́rẹ́ kankan nílẹ̀. Inú bí mi, n kò ní parọ́. Ilé ìwòsàn kejì, ní Àkúrẹ́, ní àjẹsára, kò ní èyí tí wọ́n ń gún yí ọgbẹ́ ká. Ọjọ́ kejì la tó rí ìyẹn rà, kò sì tíì pẹ́ jù, torí ó ṣì ṣeé gbà láàárín ọjọ́ méje sí ti àkọ́kọ́. Ẹ tẹ ilé ìwòsàn láago kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ béèrè méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a padà lọ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún 10, tẹ̀ lé wa. Nínú ọkọ̀, mo rọra bi í bóyá ajá náà ṣe é ní nǹkankan, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa nà án. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní kò bu òun jẹ, ó kàn lá òun ní orúnkún níbi tí òun ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ tó bu àbúrò òun jẹ. Ojú egbò náà ṣì tutù. Ọjọ́ yẹn kan náà lòun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.